Igbó Inú Ọgbà IITA ní Àkìnyẹlé: Láti Ilẹ̀ Oko sí Ibùgbé Ẹyẹ

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa igbó tí a dá sí ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ a máa tètè dé orí igbó òrìṣà, irú èyí tí ó wà létí odò Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Tàbí orí igbó ọba bí Olókèméjì, tí ìjọba amúnisìn yà sọ́tọ̀ ní ọdún 1899. Igbó tí iṣẹ́ yìí dá lé kò sí nínú méjèèjì. Inú ọgbà àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a mọ̀ sí IITA ni ó wà, lẹ́bàá ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àkìnyẹlé.

Ọdún 1967 ni a dá IITA sílẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó àjọ Ford àti Rockefeller, lórí ilẹ̀ bí 1,000 hẹ́kítà tí ìjọba Nàìjíríà pèsè. Ilẹ̀ náà kì í ṣe aginjù. Àwọn àgbẹ̀ ni ó ń gbé ibẹ̀ ní abúlé-abúlé, tí wọ́n ń ro oko, tí wọ́n sì ń sin òkú wọn síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe Yorùbá. Wọ́n ní láti kó kúrò. A kọ́ ilé ìwádìí sí apá kan, a dí odò kan ó di adágún, a sì fi nǹkan bí 350 hẹ́kítà sílẹ̀ láìro. Igbó náà bá tún hù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí ìrókò, àràbà àti arère níbẹ̀ lónìí, tí ó rò pé igbó àtayébáyé ni gbogbo rẹ̀, ó ṣìnà. Àwọn baba wa a máa fi ilẹ̀ tí ó ti rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún díẹ̀ kí ó lè sinmi. Ọgbà ni ó sọ ìsinmi ti ibí yìí di ohun tí ó ju àádọ́ta ọdún lọ.

Ẹyẹ tí ó wà níbẹ̀ ju 250 oríṣi lọ. Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn ni Malimbus ibadanensis, ìbátan ẹ̀gà, dúdú òun pupa, tí J. H. Elgood, olùkọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, sọ lórúkọ ní ọdún 1958. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni a ti mọ̀ ọ́n ní gbogbo ayé. Kò dà bí ẹ̀gà tí ń pariwo lórí ọ̀pẹ láàrin ìlú. Igi ńlá ni ó ń fẹ́, bí a sì ti ń gé igi ni iye rẹ̀ ń dín kù. Láti ọdún 2010 ni iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe IITA àti àjọ Leventis ti ń ṣọ́ igbó náà, tí ó sì ń gbin irúgbìn igi ìbílẹ̀.

Ní ojú tiwa, ìdáàbòbò yìí tọ́, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kò tíì pé. Orúkọ Ìbàdàn wà lára ẹyẹ. Orúkọ àwọn abúlé ọjọ́sí kò sí lẹ́nu àwọn ọmọ ilé-ìwé tí a ń kó wá wo igbó. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ni ní Mọ́níyà tàbí Ọ̀jọ́ọ̀ lè rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sí àwọn àgbà: abúlé wo ni ó wà níbẹ̀, ta ni baálẹ̀ rẹ̀, kí ni wọ́n ń gbìn, níbo ni wọ́n kó lọ, kí ni wọ́n gbà lórí igi kòkó àti ọ̀pẹ wọn? Iṣẹ́ náà kò gba ju ìwé àti gègé lọ. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1967 ti sún mọ́ ọgọ́rin ọdún báyìí.