Àpò Ọkọ, Àpò Aya: Bí Àwọn Ìyá àti Baba Wa Ṣe Ń Pín Ìnáwó Ilé, àti Bí Ó Ṣe Kàn Wá ní Sachse

  

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àṣà, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yóò máa retí ọ̀rọ̀ ìlù, aṣọ òfì tàbí oríkì. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò ní ìlù nínú, ṣùgbọ́n kò sí ilé kan láàrin wa ní Sachse yìí tí kò kàn. Ọ̀rọ̀ owó láàrin ọkọ àti aya ni. Ta ló ń san owó ilé? Ta ló ń san owó iná àti owó omi? Ṣé kí owó oṣù àwọn méjèèjì máa wọ inú àkáǹtì kan náà ni, àbí kí oníkálukú di tirẹ̀ mú?

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé àṣà Yorùbá ni kí ọkọ má mọ iye tí aya ní. Àwọn mìíràn ní àṣà òyìnbó ni kí tọkọtaya da owó pọ̀. Ìtàn fi hàn pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò rí bẹ́ẹ̀. Àpò méjì ni àwọn baba ńlá wa ní lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojúṣe àpò kọ̀ọ̀kan hàn kedere sí gbogbo ará ilé. Àwa tí a wà níbí gbé àpò méjì náà wọ ọkọ̀ òfuurufú, a sì gbàgbé ojúṣe náà sẹ́yìn.

BÍ Ó ṢE RÍ NÍLÉ

Abẹ́òkúta ni mo ti wá. Ìyá mi ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, bàbá mi sì jẹ́ tíṣà. Owó ìyá mi kì í ṣe owó bàbá mi, owó bàbá mi kì í sì í ṣe ti ìyá mi. Bàbá ló ń san owó ilé-ìwé wa, òun ló ń tún òrùlé ṣe, òun ló sì ń fún ìyá ní owó ọbẹ̀. Ìyá ló ń ra aṣọ àti bàtà wa, òun ló ń fi tirẹ̀ kún owó ọbẹ̀ nígbà tí kò bá tó, òun náà ló sì ń ṣe ìnáwó àwọn òbí tirẹ̀. Wọn kò kọ ọ́ sí ìwé kankan, ṣùgbọ́n àwa ọmọ pàápàá mọ ẹni tí a ó lọ bá fún bíírò àti ẹni tí a ó lọ bá fún bàtà.

Kì í ṣe ilé wa nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Láyé tí iṣẹ́ àgbẹ̀ pọ̀, ọkọ ló ń mú iṣu àti àgbàdo wá láti oko, aya ló ń wá iyọ̀, ata, epo àti irú. Bí ọkùnrin bá gbé ìyàwó wálé, a retí pé kí ó fún un ní owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Èrè òwò náà, ti aya ni. Àwọn aya mìíràn tilẹ̀ máa ń gba ìkórè lọ́wọ́ ọkọ wọn. Wọn a dá iye lé e, ìyàwó a gbé e lọ sí ọjà, èyí tó bá lé lórí iye náà a di tirẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ọkọ àti aya ń bára wọn nájà, ilé wọn kò sì tú.

Kí ló fa àpò méjì yìí? Ọ̀kan ni pé ìyàwó lè ju ẹyọ kan lọ nínú agboolé. Bí owó gbogbo wọn bá wọ inú ìṣà kan ṣoṣo, ta ni yóò mọ ti ọmọ ta ni? Èkejì ni pé ẹ̀jẹ̀ ni ogún Yorùbá ń bá lọ. Àwọn ọmọ àti ẹbí ló ń jogún. Aya kì í jogún ọkọ. Ní 1957, nínú ẹjọ́ tí a ń pè ní Suberu àti Sunmonu, ilé-ẹjọ́ Federal Supreme Court ti Nàìjíríà sọ pé bí àṣà Yorùbá ṣe rí nìyẹn. Obìnrin tó bá mọ èyí kò ní kó gbogbo òógùn ojú rẹ̀ sínú àpò ọkọ. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè bá ara rẹ̀ lọ́wọ́ òfo nígbà tí ẹbí ọkọ bá dé.

ÀWỌN OBÌNRIN TÓ NÍ ÀPÒ TIWỌN

Nítorí náà ni obìnrin Yorùbá fi lè lówó ní orúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn Madam Ẹfúnróyè Tinúbú mọ̀ pé ó di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864, ó sì kú ní 1887. Ọrọ̀ tirẹ̀ ni, kì í ṣe ti ọkọ. A kò sì gbọ́dọ̀ fi í pamọ́ fún àwọn ọmọ wa pé òwò ẹrú wà lára ohun tó sọ ọ́ di olówó. Ní àkókò kan náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí òfin 1870 àti ti 1882 fi dé, owó iṣẹ́ obìnrin tó bá ti lọ́kọ, owó ọkọ ni lójú òfin.

Ìjọba pàápàá mọ̀ pé àpò méjì ló wà nílé Ẹ̀gbá. Nígbà tí owó orí dé Abẹ́òkúta ní 1918, wọn kò kà á pé owó orí ọkọ ti kó ti aya mọ́ra. Obìnrin ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀, láti ọmọ ọdún 15. Ohun tó bí ìjà ńlá nìyẹn. Ní 1947, ẹgbẹ́ Abẹ́òkúta Women's Union, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì jẹ́ olórí rẹ̀, kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ sí iwájú ààfin Aláké. Ní 1948 wọ́n dá owó orí obìnrin náà dúró, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá sì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949, kó tó padà wá ní 1950. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó ní àpò tirẹ̀ ní ẹrù tirẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ìyá wa kò sọ pé àwọn kò fẹ́ ẹrù. Wọ́n ní kí a má di ẹrù lé àwọn lórí láìbi àwọn léèrè.

Èsúsú sì ni báńkì àpò náà. Samuel Johnson ti kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Èèyàn a jọ dá iye kan náà, ẹnì kan a kó o, títí yóò fi yí kárí. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú gbé e kọjá òkun. Títí dòní, àwọn ará Trinidad ń dá susu, àwọn ará Bahamas sì ń pè é ní asue.

Ará Amẹ́ríkà kan wà tó lọ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Niara Sudarkasa, ọmọ adúláwọ̀ láti Florida, lọ gbé ní Awẹ́, nítòsí Ọ̀yọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ó kọ ohun tó rí nípa àwọn obìnrin ọjà sínú ìwé Where Women Work, tó jáde ní 1973. Ó rí i pé òwò obìnrin kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ ìyàwó ilé. Ara ohun tí a fi ń mọ ìyàwó rere ni.

ILẸ̀ TÍ A TẸ̀ DÓ SÍ

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilẹ̀ tí a wà. Òfin Texas lórí owó tọkọtaya kò ti ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Sípéènì ló ti wá, ó gba Mẹ́síkò kọjá. Ní 1840, nígbà tí Texas ṣì dá dúró gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè, àwọn aṣòfin gba òfin Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n wọ́n pa ti Sípéènì mọ́ lórí ohun ìní tọkọtaya. Ìwé òfin ìpínlẹ̀ ti 1845 sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ohun tí obìnrin ní kó tó lọ sílé ọkọ, tàbí tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ, tàbí tó jogún, tirẹ̀ ni. Láyé ìgbà náà ni William Sachse, tó wá láti Prussia ní Jámánì, tẹ̀ dó sí agbègbè tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dòní.

Ṣùgbọ́n bí òfin tilẹ̀ sọ pé àwọn méjèèjì ló ni owó, ọkọ ló ń ṣe àkóso rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí àwọn ìyá wa ní Ìtòkú ń fi owó tiwọn ra aṣọ ní ìgàn, obìnrin tó lọ́kọ ní Dallas kò lè dá ta ilẹ̀ tirẹ̀ láìsí ìfọwọ́sí ọkọ. Lọ́ọ̀yà kan ní Dallas, Louise Raggio, wà lára àwọn tó ṣáájú iṣẹ́ tó yí òfin náà padà ní 1967; òfin tuntun náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1968. Ní 1974, òfin ìjọba àpapọ̀ tún ká báńkì lọ́wọ́ kò láti máa fi jíjẹ́ obìnrin tàbí níní ọkọ du ènìyàn ní owó yíyá.

Bí òfin ṣe wà báyìí ní Texas nìyí: owó tí ọkọ tàbí aya bá rí lẹ́yìn ìgbéyàwó, ti àwọn méjèèjì ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà lórí àkáǹtì. Nítorí náà, ẹni tó rò pé òun ti fi owó òun pamọ́ nítorí pé ó wà ní àkáǹtì àdáni, kò mọ ibi tó ń gbé. Ilé tí o jogún ní Ìbàdàn, tìrẹ ni. Ṣùgbọ́n owó ilé tí àwọn ayálégbé ń san níbẹ̀, òfin Texas kà á sí ti ẹ̀yin méjèèjì, àfi bí ẹ bá ti fọwọ́ sí ìwé pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àkáǹtì àjùmọ̀ní: orúkọ méjì lórí rẹ̀ nìkan kò tó. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹni tó bá kù lẹ́yìn ikú ẹnì kejì kó gbogbo rẹ̀, ìwé báńkì gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ kedere. Ẹ bi lọ́ọ̀yà léèrè nígbà tí ara yá.

Mo ti jókòó ti opó kan rí ní agbègbè wa, tí ìsìnkú ọkọ rẹ̀ kò tíì pé oṣù kan. Lẹ́tà kún orí tábìlì. Kò mọ inú àkáǹtì tí owó ilé ń gbà lọ, kò mọ̀ bóyá ọkọ rẹ̀ ní ìbánigbófò. Ogún ọdún ni wọ́n fi jọ gbé. Kì í ṣe pé ọkọ náà burú. Ó ń san gbogbo rẹ̀, kò kàn sọ. Irú èyí kọ́ ni àpò méjì tí àwọn ìyá wa mọ̀.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá jọ wò, gígún ní í gún. Mo rí ìdílé tó ń da gbogbo owó pọ̀, mo rí èyí tó yà á sọ́tọ̀ pátápátá, mo sì rí èyí tó ní mẹ́ta: ti ọkọ, ti aya, àti ti ilé. Èyí ẹ̀yìn yìí ló súnmọ́ àṣà wa jù lójú tèmi. Inú ti ilé ni owó ilé, iná, omi, oúnjẹ àti ìtọ́jú ọmọ ti ń jáde.

Iye wo ni kí oníkálukú máa fi síbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìyàwó jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń mú $6,000 wálé lóṣù, ọkọ ń mú $4,000 wálé, ìnáwó ilé sì jẹ́ $5,000. Bí a bá pín in sí méjì ọgbọọgba, ọkọọkan yóò san $2,500. $1,500 péré ló kù sọ́wọ́ ọkọ, $3,500 sì kù sọ́wọ́ aya. Bí a bá wo agbára oníkálukú, aya a san $3,000, ọkọ a san $2,000; ìdajì owó olúkúlùkù ló kù sí i lọ́wọ́. Èyí tí ẹ bá yàn, ẹ yàn án papọ̀, kí ẹ sì tún un yẹ̀ wò bí iṣẹ́ bá bọ́ tàbí tí ọmọ bá dé.

Ẹ má gbàgbé owó tí a ń fi ránṣẹ́ sílé, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ jù. Àwọn òbí ọkọ wà, àwọn òbí aya náà wà. Láyé àwọn ìyá wa, àpò oníkálukú ló ń tọ́jú ẹbí tirẹ̀, ẹnì kejì sì mọ̀. Ẹ dá iye kan lé e lóṣooṣù fún ọ̀tún àti òsì, kí ó má baà jẹ́ pé inú ìwé báńkì ni ẹnì kan yóò ti rí i.

Ẹ̀yin ọmọ wa, bí ẹ bá dàgbà tí ẹ fẹ́ ẹni tí ọkàn yín yàn, ì báà jẹ́ Yorùbá, ì báà má jẹ́ Yorùbá, ẹ bi ara yín léèrè kí aṣọ ẹbí tó dé ọ̀dọ̀ télọ̀: ta ni yóò máa ra bíírò, ta ni yóò máa ra bàtà? Iye àpò tí ẹ ní kò tó nǹkan. Kí ẹ̀yin méjèèjì mọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe ló ṣe pàtàkì.

Kí Elédùmarè bù sí àpò wa. Kí owó má fa ìjà nílé wa, kí ilé wa má tú, kí a má sì fi ọwọ́ gbà kí a fi ẹsẹ̀ dà nù.