Ojú Irin Ìlú Èkó: Bí Ó Ti Bẹ̀rẹ̀ àti Bí Ó Ti Dàgbà



Àwọn baba wa a máa wí pé, bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ bá yín sọ ìtàn ọkọ̀ ojú irin ìlú Èkó, kí a lè mọ ibi tí a gbé kọsẹ̀, àti bí a ti ṣe tún dìde. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ní Kétu, ní Ìkòsí àti ní Mile 12. Nítorí títí di àkókò tí a ń sọ̀rọ̀ yìí, kò sí ojú irin kan tí ó gba àárín wa kọjá.

Ní ọdún 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà rélùwéè láti Èkó. Ní 1901 ni a sì ṣí i dé Ìbàdàn. Ẹ kíyèsí i pé, kì í ṣe láti gbé ará Èkó láti ilé rẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni a ṣe là á. Èkùrọ́, epo àti irú èrè oko bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá, kí wọ́n lè kó wọn dé etí òkun. Ìddó ni ọ̀nà náà pin sí, omi ọ̀sà sì wà láàárín rẹ̀ àti Ìsàlẹ̀ Èkó. Afárá Carter ni a fi so ìhà méjèèjì pọ̀. Ní ọdún 1902 a tẹ́ ojú irin kékeré kan gba orí afárá náà wọ inú ìlú. Tíráàmù ni orúkọ ọkọ̀ rẹ̀. Ooru omi gbígbóná ni ẹ̀rọ rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gbígbé èrò kò bá a pẹ́ títí. Iṣẹ́ agbépóò ni ó kù fún un, èyí ni kíkó ìgbẹ́ ìlú lọ dà sí ọ̀sà, títí a fi mú un kúrò pátápátá ní 1933.

Lẹ́yìn èyí, fún àádọ́ta ọdún, ìlú ń gbòòrò, ojú irin kò gbòòrò tẹ̀lé e. Èbúté Mẹ́ta, Yábàá, Múṣin, Òṣòdì, Ìkẹjà àti Agége wà lẹ́bàá rélùwéè àtijọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ́lé sí ìhà ti wa, lẹ́bàá ọ̀nà Ìkòròdú, mólùẹ̀ àti dánfó nìkan ni wọ́n gbẹ́kẹ̀lé.

Ní ọdún 1983, Gómìnà Lateef Jákàńdè gbé ètò ojú irin tuntun kan kalẹ̀, tí a pè ní Metroline, fún gbígbé àwọn ará ìlú. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ológun gba ìjọba. Ní 1985, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fagi lé iṣẹ́ náà. A ròyìn pé owó tí ó ṣòfò ju mílíọ̀nù 78 dọ́là ti Amẹ́ríkà lọ. Síbẹ̀, lójú tiwa, owó kọ́ ni ó burú jù nínú àdánù náà, bí kò ṣe àkókò. Ní 1987, ọdún méjì péré lẹ́yìn rẹ̀, ìlú Cairo ní Íjíbítì ṣí ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tirẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà, nígbà tí ará Èkó ṣì wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Nígbà tí Bọ́lá Tinúbú jẹ́ gómìnà, òfin ọdún 2002 dá àjọ kan sílẹ̀ fún ètò ìrìnnà, tí a ń pè ní LAMATA. Ọ̀dọ̀ wa ni èso rẹ̀ ti kọ́kọ́ hàn: ní oṣù kẹta ọdún 2008 ni ọkọ̀ BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 dé CMS, ibi tí ẹgbẹ́ míṣọ́nárì àtijọ́ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún. Ní 2015 a fà á gùn dé Ìkòròdú.

Ní ti ojú irin, abẹ́ Gómìnà Fáṣọlá ni iṣẹ́ ti èyí Aláwọ̀ Búlúù bẹ̀rẹ̀. Ó bá Gómìnà Ambode. Abẹ́ Gómìnà Sanwó-Olú ni ó parí sí. Iṣẹ́ náà falẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fagi lé e. Ní ọjọ́ 24 oṣù kìíní, ọdún 2023, ogójì ọdún lẹ́yìn ètò ti Jákàńdè, a ṣí i. Ẹni tí ó ṣí i ni Buhari kan náà, tí ó ti di ààrẹ tí a dìbò yàn. A kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà, bí kò ṣe láti fi hàn bí ohun tí a kọ̀ lánàá ti lè di ohun tí a ń fẹ́ lónìí. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò láti Mile 2 dé Marina. Kìlómítà 13 ni ó gùn, ibùdó márùn-ún ni ó ní, iná mànàmáná sì ni ó ń lò.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, Tinúbú, tí òun náà ti di ààrẹ, ṣí ojú irin Aláwọ̀ Pupa. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ni ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò. Kìlómítà 27 ni, láti Agbádò dé Òyìngbò, ibùdó mẹ́jọ sì ni ó ní. Ipa ọ̀nà tí rélùwéè ayé àtijọ́ ti là sílẹ̀ ni ó ń tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ara wa wàyí. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ní ọjà Mile 12, níbi tí tòmátì, ata àti iṣu ti ń wọlé láti ọ̀nà jíjìn, ọ̀nà Ìkòròdú kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹrù àti èrò ń há sí. Ará Kétu tí ó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin ní láti kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ mìíràn dé Ìkẹjà tàbí Òṣòdì.

Bí ọjọ́ ojú irin tiwa bá dé, àwọn tí yóò fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ lè máà jẹ́ àwọn tí yóò ṣí i. Ìtàn yìí ti fi hàn pé iṣẹ́ tí ó ju ọjọ́ orí ìjọba kan lọ kò lè jẹ́ ti ẹni kan ṣoṣo. Nítorí náà, nígbà tí àwọn tí ń wá oyè bá tọ̀ wá wá, ẹ má ṣe jẹ́ kí a bi wọ́n léèrè ohun tuntun tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ nìkan. Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n léèrè pẹ̀lú, èwo nínú iṣẹ́ ẹni tí ó ṣáájú wọn ni wọn yóò parí.