Òpómúléró Ìlú

Ìwé tí wọ́n gbé fún mi kò ju ojú ewé mẹ́ta lọ. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n sì fẹ́ kí n sọ ọ́ di Yorùbá tí àwọn ará Bantè àti Savalou ní Benin yóò gbọ́ lórí rédíò, tí yóò sì yé wọn kíá. Ohun tó ń sọ ni pé kí wọ́n má dáná sun igbó lábẹ́ wáyà iná ńlá. Kí wọ́n má wa yanrìn nídìí afárá. Kí wọ́n tètè ké gbàjarè bí wọ́n bá rí ohun tó ń bàjẹ́. Ìyẹn ò le. Àkọlé rẹ̀ ló dá mi dúró: infrastructure critique, àwọn nǹkan tí ìlú kò lè ṣe aláìní. Ọ̀rọ̀ méjì péré, ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò lórí wọn.

Àwọn oníròyìn Èkó àti Ìbàdàn ti ní ọ̀rọ̀ kan tiwọn. "Ohun amáyédẹrùn" ni wọ́n ń pe ọ̀nà, omi, iná àti ilé ìwòsàn. Ó dùn lẹ́nu, mo sì ti lò ó rí. Ṣùgbọ́n ẹ tú u wò: ohun tó ń mú ayé dẹrùn. Fáànù ń mú ayé dẹrùn. Àga tìmùtìmù ń mú ayé dẹrùn. Bí wọn ò bá sí, ara á kàn ni wá díẹ̀ ni. Ọ̀nà ọ̀dà tó ti Dassa wá, tó gba Savalou àti Bantè kọjá lọ sí Bassila àti Djougou, kì í ṣe irú wọn. Bí afárá kan bá já lójú ọ̀nà yẹn nígbà òjò, aboyún tó ń lọ sí ilé ìwòsàn kò ní sọ pé ara ń ni òun. Ohun mìíràn tún wà tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹnu olóṣèlú ló ti gbó: wọ́n á ní àwọn "pèsè" ohun amáyédẹrùn fún aráàlú. Ó ti wá dà bí ẹ̀bùn. Ta ló ń ṣọ́ ẹ̀bùn tí ẹlòmíràn lè wá gbà padà?

Ilé àtijọ́ ni mo ti rí ohun tí mo ń wá. Òpó pọ̀ nínú ilé, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló ru ilé. Èyí tó mú ilé ró, bí ẹ bá yọ ọ́, ilé á dà wó. Òpómúléró. Ẹnì kan sọ fún mi pé oríkì ìdílé ni, pé kò yẹ kí a fi pe tiransifọ́mà. Mo gbọ́ ọ, mi ò sì fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti ń sọ ọ́ nípa ènìyàn tipẹ́: ìyá yìí ni òpómúléró ẹgbẹ́ wa. Ọ̀rọ̀ tó lè ru ìyá lè ru afárá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: òpómúléró ìlú. Ọ̀rọ̀ náà gbé ìbéèrè tirẹ̀ dání, ohun tí mo sì fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á wo àyíká rẹ̀, á bi ara rẹ̀ pé: èwo nínú nǹkan wọ̀nyí ló máa wó ilé bí ó bá yẹ̀?

Coopération internationale ló tẹ̀lé e. "Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè" ni gbogbo ènìyàn ń kọ, kò sì burú. Kò kàn sọ ẹni tó jẹ ẹnì kejì ní gbèsè ni. Àgbẹ̀ Bantè mọ̀ pé ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí àáró. Ẹni tó bẹ̀ ọ̀wẹ̀ á se oúnjẹ, á dúpẹ́, ó parí. Àáró kì í parí bẹ́ẹ̀: mo ro oko rẹ lónìí, o ó ro tèmi, bí o kò bá sì wá, gbogbo ẹgbẹ́ ló máa gbọ́. Ní ọdún 1968, Dahomey àti Togo fọwọ́ sí àdéhùn pé àwọn yóò jọ máa wá iná, wọ́n sì dá Communauté Électrique du Bénin sílẹ̀. (Bénin inú orúkọ yẹn kì í ṣe orílẹ̀-èdè wa, ọdún 1975 la tó gba orúkọ náà. Etí òkun tí àwa méjèèjì jọ ní ni wọ́n fi sọ ọ́.) Láti ọdún 1972 ni iná ti ń ti Akosombo ní Gánà gba Lomé wọ Cotonou. Ní ọdún 1987, wọ́n ṣí dámù Nangbéto lórí odò Mono, mẹ́gáwáàtì 65. Ilẹ̀ Togo ló wà, kò jìnnà sí Atakpamé níbi tí àwọn Ifẹ̀ ń gbé, àwọn tí èdè wọn àti tiwa jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan. Omi wọn, iná wa méjèèjì. Àáró ni. Mo fi "àáró orílẹ̀-èdè" sínú ìwé náà, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà yóò yé ẹni tí ó gbọ́ ọ ní Bantè àti ẹni tí ó gbọ́ ọ lódì kejì ààlà.

Ìwé náà tún ní ọ̀rọ̀ gígùn kan fún ohun tí ènìyàn ń ní lẹ́ẹ̀mejì kí èyí àkọ́kọ́ má baà dá a lágara. Èyí kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan, òwe ti ṣe é tán: ọ̀nà kan ò wọjà. Ní ọdún 1998, omi Akosombo fà, Togo àti Benin sì wà nínú òkùnkùn pẹ̀lú Gánà. Ní ọdún 2007 la wá ní ọ̀nà kejì, wáyà ńlá tó ti Ìkẹjà wá sí Sakété. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, kébù íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan lọ́jọ́ kan ṣoṣo: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Ohun tí wọ́n fura sí ni pé ilẹ̀ abẹ́ òkun ló ṣí nípò. Méjì nínú wọn gúnlẹ̀ sí Cotonou. Ọ̀nà pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kòtò kan náà ni gbogbo wọn gbà kọjá. Nítorí náà mo fi àlàyé kún òwe náà: ọ̀nà méjì tó gba orí afárá kan, ọ̀nà kan ni. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta kan náà, ní ọdún 1884, ni àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn ní Paris láti dáàbò bo okùn tẹligíráàfù abẹ́ òkun. Ogóje ọdún géérégé. Lẹ́yìn tí kébù já ní 2024 ni ITU, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀, dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2024 lórí ọ̀rọ̀ kébù wọ̀nyí. Bọ́sún Tìjání, mínísítà Nàìjíríà nígbà náà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn alága rẹ̀ méjèèjì, Àbújá ni wọ́n sì ti ṣe àpérò ní oṣù Kejì 2025.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ń wá orúkọ. Wáyà, páìpù, gáàsì, kébù: mo fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 ràn mí lọ́wọ́ nípa bí a ṣe ń gbẹ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gírámà àti lítíréṣọ̀ ni tirẹ̀, kò dé ìdí òpó iná. Lọ́dọ̀ wa, ɛ àti ɔ la fi ń kọ ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń fi ẹ àti ọ kọ. Ní orí rédíò, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan.

Résilience ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. "Ìfaradà" ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ẹni tó ń fara dà á ń jìyà lọ ni. Ìwé náà ń fẹ́ ẹni tó ṣubú tó sì dìde. "Ìsọjí" ìbá dára, àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ti gbà á, àwọn olùgbọ́ á máa retí oníwàásù. Mo rántí igi kajú: bí ó bá di ogbó, àgbẹ̀ á gé e sílẹ̀, kùkùté rẹ̀ á sì tún rú. Mo kọ "ìtúnrú ìlú". Mo kà á sókè fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ojú rẹ̀ yí padà. "Ṣé ìlú ti tún rú ni?" Ó rò pé ìjà ìgboro ni mo ń kéde. Ewé ló gbà mí sílẹ̀. Ìtúnrúwé: kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ewé tí yóò sá wọlé.

Mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ bá bàbá kan tó ní oko kajú lẹ́bàá Bantè. Ó gba òpómúléró, ó rẹ́rìn-ín sí àáró. Nígbà tó kan ìtúnrúwé, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Gbòǹgbò ló ń rúwé. Kí ni gbòǹgbò iná?" Mi ò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Alẹ́ ni mo tó rántí Léon Thévenin, ọkọ̀ ojú omi tó bá wọn tún kébù 2024 ṣe. Cape Town ni ibùdó rẹ̀ nígbà náà, ní ìsàlẹ̀ Áfríkà pátápátá, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sì ni iṣẹ́ náà gbà. Mo ṣí ìwé náà, mo fi gbólóhùn kan tí kò sí nínú ti Faransé kún un: kí a mọ àwọn tó lè tún un ṣe, kí wọ́n sì wà nítòsí pẹ̀lú irinṣẹ́ wọn.