Kílò Fún Kílò: Báwo La Ṣe Ń Mọ Ọ̀gá Nínú Ìjà Ẹ̀ṣẹ́?

Nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní boxe, oníkílò 60 kì í bá oníkílò 100 jà. Orí òṣùwọ̀n ni wọ́n á kọ́kọ́ gùn, kálukú á sì bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Ibẹ̀ gan-an ni awuyewuye ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni méjì tí ò lè pàdé láé, báwo la ṣe fẹ́ mọ èyí tó jù nínú wọn?

Àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà ní ká ṣe bí ẹni pé ìwọ̀n gbogbo wọn dọ́gba, ká wá wo ẹni tó mọ̀ ọ́n jà jù. Ohun tí à ń pè ní "kílò fún kílò" nìyẹn. Sugar Ray Robinson ni wọ́n sábà máa ń fi sípò kìíní.

Àwọn míì á ní ká kàn ka bẹ́líìtì. Ẹ má tètè gbà. Lọ́dún 1938, bẹ́líìtì ìwọ̀n mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ Henry Armstrong lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tó jẹ́ pé ìwọ̀n mẹ́jọ péré ló wà. Manny Pacquiao, ọmọ Filipínì, gba ti ìwọ̀n mẹ́jọ, láti kílò 51 títí dé nǹkan bíi 70. Iṣẹ́ ńlá ni o! Ṣùgbọ́n lásìkò tiẹ̀, ìwọ̀n ti di 17, ẹgbẹ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ń pín bẹ́líìtì.

Ohun tí àwa máa ń wò ni ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí èèyàn kúrò ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ wo Dick Tiger, ọmọ Ìgbò láti Nàìjíríà. Poids moyen ni, ìyẹn kílò 72 àti ààbọ̀. Lọ́dún 1962, ó na Gene Fullmer, ó sì di ọ̀gá àgbáyé. Ní oṣù kẹjọ 1963, wọ́n tún pàdé ní pápá Liberty n'Ìbàdàn, ó tún nà án. Bóyá bàbá àgbà kan ṣì wà nílé yín tó rántí.

Lọ́dún 1966, Emile Griffith, tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré sí ti Tiger, gòkè wá, ó sì gba bẹ́líìtì náà lọ́wọ́ ẹ̀. Tiger ò jókòó sunkún. Òun náà gòkè lọ sí mi-lourd, kílò 79, kí ọdún náà sì tó parí, ó ti gba bẹ́líìtì ibẹ̀ lọ́wọ́ José Torres. Àmọ́ ní 1968, ó pàdé Bob Foster, tó fi ohun tó ju sẹ̀ńtímítà 15 ga jù ú lọ. Foster gbá a lulẹ̀ ní ráúndì kẹrin, kò sì lè dìde. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí i rí.

Ṣé Foster wá ju Tiger lọ ni? Foster náà gòkè lọ bá àwọn poids lourd: Joe Frazier gbá a lulẹ̀ ní ráúndì kejì lọ́dún 1970, Muhammad Ali tún nà án ní 1972. Ẹni tó bá ń gòkè ṣáá, á débi tí egungun ẹ̀ á ti ní ó tó.

Àwa fi Tiger ṣáájú Foster, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Foster ló nà án. Tiger borí lọ́dọ̀ àwọn tó tóbi jù ú lọ. Foster ò rí i ṣe lọ́dọ̀ Frazier àti Ali. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi Griffith ṣáájú àwọn méjèèjì, a ò ní bá a jà.