RÉLÙWÉÈ TÓ KỌJÁ LẸ́GBẸ̀Ẹ́ ÌLÁ

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ogbó, ìyẹn àdá Ọ̀ràngún, ló la ọ̀nà fún àwọn baba wa láti Ifẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní ogbó mi mọ̀nà, tó di Ìgbómìnà. Ọmọ Ìlá ni mí. Ìbéèrè mi ni pé, ta ló la ọ̀nà fún rélùwéè tí kò fi yà sọ́dọ̀ wa?

Ní 1896 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í to irin láti Èkó. Wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bà létí odò Ọya ní 1909. Láti Òṣogbo, ó gba Ìkirun, Òkukù àti Ọ̀fà kọjá. Ìlá wà ní ìlà oòrùn wọn, láàárín òkè. Irin ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Ẹnìkan á ní òkè ló fà á. Irọ́ ni! Ní Darjeeling, ní Íńdíà, láàárín 1879 sí 1881, òyìnbó kan náà to irin gun òkè tó ga ju ẹgbẹ̀rún méjì mítà lọ. Irin ọ̀hún ń lọ́ bí ejò. Kí ló wà lókè níbẹ̀? Oko tíì ni, àti atẹ́gùn tútù tí wọ́n ń sá ooru lọ gbà. Títí dòní, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń rọ́ lọ wọ̀ ọ́ lẹ́gbẹẹgbẹ́. Àwa ńkọ́? Ẹmu Ìlá lókìkí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbé ẹmu lọ sí Liverpool? Òkè Ọya àti òwú ibẹ̀ lojú wọn ń wò. Ohun tí òyìnbó fẹ́ ló ń tọ́ irin sọ́nà, kì í ṣe òkè.

Síbẹ̀, mi ò ní bú rélùwéè. Ní Ìkirun yìí kan náà ni ogun Jálumi ti jà ní 1878. Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin, Èkìtì àti àwọn ará Ìlá tó bá wọn lọ, odò Ọ̀tìn sì gbé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Kò pé ọgbọ̀n ọdún sígbà náà tí irin fi dé. Ọmọ Ìlá àti ọmọ Ìbàdàn wá lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, kí wọ́n jọ máa jẹ ẹ̀pà lọ sÉkòó. Àbí ẹ ò rí nǹkan?

Àmọ́ ọmọ Ìlá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ru ẹrù rẹ̀ dé Òkukù, Ìkirun tàbí Ọ̀fà ná. Òṣogbo tí irin yà sí di ojúkò òwò, ó sì di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ní 1991. Nígbà ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá pàápàá, tí wọ́n ń fi rélùwéè kó èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ láti Èkó wálé ọdún, Òṣogbo ni ọ̀fẹ́ parí sí. Ará Ìlá á tún wá owó mọ́tò.

Ní 2021, irin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Èkó dé Ìbàdàn, wọ́n sì ní yóò máa lọ sí Kánò. Ní 1907, kò sẹ́ni tó bi baba wa léèrè ibi tí irin máa gbà. Àwa kàwé báyìí. Ẹ jẹ́ ká béèrè kí wọ́n tó fa ìlà.