Ìwé ti Mọ́mọ́nì àti Ẹ̀rí Àwọn Awalẹ̀pìtàn ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ìfáàrà

Ní ọdún 1830, ní ìlú Palmyra ní ìpínlẹ̀ New York, Joseph Smith tẹ Ìwé ti Mọ́mọ́nì jáde. Ó ní ara àwọn àwo wúrà tí áńgẹ́lì kan fi hàn òun ni òun ti túmọ̀ rẹ̀. Lójú àwọn ọmọ ìjọ tí ó dá sílẹ̀, mímọ́ ni ìwé náà, gẹ́gẹ́ bí Bíbélì ti jẹ́ mímọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìsìn nìkan kọ́ ni ó wà nínú rẹ̀. Ìtàn ni ó pe ara rẹ̀. A kò lè fi ọkọ́ wá ìgbàgbọ́ nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n a lè wá ìlú, irin àti egungun ẹran ọ̀sìn. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò ni pé: ǹjẹ́ ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí gbe ìtàn náà lẹ́yìn?

Ohun tí Ìwé náà Sọ

Gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ti wí, ní nǹkan bí ọdún 600 ṣáájú ìbí Jésù ni Léhì àti ìdílé rẹ̀ kúrò ní Jerúsálẹ́mù, tí wọ́n sì wọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Àwọn ọmọ rẹ̀ pín sí méjì: àwọn ará Néfì àti àwọn ará Lámánì. Wọ́n tẹ ìlú ńláńlá dó, wọ́n rọ irin, wọ́n gbin àlìkámà àti ọkà báálì, wọ́n sì ní ẹṣin. Ní ìgbẹ̀yìn, àwọn ará Lámánì pa àwọn ará Néfì run ní òkè Kùmórà. Àwọn tí ó kú níbẹ̀ ju 200,000 lọ. Àwọn ọmọ ìjọ ìgbà náà gbà pé àwọn ará Lámánì ni baba ńlá àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà.

Irú èrò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì nígbà náà. Ọ̀pọ̀ òyìnbó Amẹ́ríkà ni kò gbà pé àwọn ọmọ onílẹ̀ lè mọ àwọn òkìtì ńláńlá tí ó wà ní ìhà odò Ohio àti Mississippi. Wọ́n ní ẹ̀yà mìíràn tí ó ti parun ni ó mọ wọ́n. Ní ọdún 1894 ni ìwádìí Cyrus Thomas fi hàn pé àwọn baba ńlá àwọn ọmọ onílẹ̀ gan-an ni ó ni iṣẹ́ náà.

Ohun tí a Rí nínú Ilẹ̀

Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí àgbàdo, ẹ̀wà àti elégédé tí àwọn ará àtijọ́ gbìn, àti egungun ajá àti tòlótòló tí wọ́n sìn. Wọn kò rí àlìkámà. Ẹṣin ti wà níbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó ti kú tán ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn, kò sì tún sí níbẹ̀ títí àwọn ará Spéènì fi kó o dé lẹ́yìn ọdún 1492. Bàbà àti wúrà ni àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ ń lù. A kò rí ààrò tí wọ́n ti ń yọ irin láti inú òkúta. Àwọn Maya mọ̀wé kọ, a sì ti lè ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú rẹ̀. Ìtàn ọba tiwọn ni wọ́n kọ, ní èdè tiwọn.

Ẹ̀rí tí ó wúwo jù lọ ti ọwọ́ onígbàgbọ́ wá. Ní ọdún 1952, agbẹjọ́rò kan, Thomas Stuart Ferguson, dá ẹgbẹ́ New World Archaeological Foundation sílẹ̀, ó sì ní ìrètí pé yóò rí ìlú àwọn ará Néfì. Ìjọ náà fi owó tì í lẹ́yìn, wọ́n sì walẹ̀ ní Chiapas ní gúúsù Mẹ́síkò. Iṣẹ́ wọn dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ tí kì í ṣe ọmọ ìjọ náà fi ń yìn ín, ṣùgbọ́n ìtàn àwọn ọmọ onílẹ̀ ni ó jáde. Ní ọdún 1975, Ferguson fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ohun ọ̀gbìn, ẹranko, irin àti ìwé kíkọ tí ìwé náà dárúkọ kò sí nínú ohun tí a hú jáde.

Àwíjàre Àwọn Onígbàgbọ́

Àwọn ọ̀mọ̀wé ìjọ náà kò dákẹ́. Wọ́n ní àìrí kì í ṣe àìsí. Ní ọdún 1985, John Sorenson sọ pé agbègbè kékeré kan ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Òótọ́ ni pé ìdílé kan lè pòórá láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò rọrùn kí irin, ẹṣin àti ìlú ńláńlá pòórá pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n tọ́ka sí ọkà báálì kan tí a rí ní Arizona. Ẹ̀yà ti ilẹ̀ ibẹ̀ ni, kì í ṣe èyí tí ó ti Jerúsálẹ́mù wá. Wọ́n tún tọ́ka sí àwọn pẹpẹ kan ní ilẹ̀ Yemen tí a kọ orúkọ kan sí lára tí ó jọ Náhómù inú ìwé náà. Ẹ̀rí tí ó lágbára díẹ̀ nìyí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Arébíà ni ó wà. Kò sọ ohunkóhun nípa Amẹ́ríkà.

Ìjọ náà pàápàá ti dẹ ohùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú ọdún 1981 pe àwọn ará Lámánì ní olórí baba ńlá àwọn ọmọ onílẹ̀. Láti ọdún 2006, ó ní wọ́n wà lára àwọn baba ńlá wọn.

Ìgúnlẹ̀

Ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn kò lè sọ bóyá áńgẹ́lì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ohun tí ó lè sọ ni pé ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò gbe ìtàn Néfì àti Lámánì lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà sì ju àríyànjiyàn ìsìn lọ. Ẹni tí ó bá fi òkìtì Ohio tàbí àwọn ìlú Chiapas fún àlejò tí ó ti Jerúsálẹ́mù wá, ó ti gba iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí ó ṣe é lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn. Ọkọ́ àwọn awalẹ̀pìtàn, àti ti Ferguson náà, ti dá a padà fún wọn.