Miura, Akọ Màlúù Sant'Agata

Ferruccio Lamborghini, ọmọ àgbẹ̀ ará Renazzo ní àríwá Ítálì, ẹni tí ó fi àlòkù ọkọ̀ ológun tí Ogun Àgbáyé Kejì fi sílẹ̀ rọ katakata fún àwọn àgbẹ̀ títí ó fi di ọlọ́rọ̀, kò fi owó rẹ̀ pamọ́; ohun tí ó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ olówó iyebíye ni ó sì ń rà lọ́tùn-ún lósì. Wọn a máa pìtàn pé gbólóhùn asọ̀ tí ó wáyé láàárín òun àti Enzo Ferrari tí ń ṣe ọkọ̀ Ferrari, lórí kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ tí ó rà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa, ni ó mú un dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Sant'Agata Bolognese ní 1963. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n lójú tèmi, oníṣòwò bí i tirẹ̀ kò ní í kọ́ ilé-iṣẹ́ nítorí ìbínú nìkan.

Ọkọ̀ ìrìn-àjò tí ó parọ́rọ́, tí ó yẹ ọlọ́lá, ni Ferruccio fẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tí ó gbà síṣẹ́, Giampaolo Dallara, Paolo Stanzani, àti Bob Wallace ará New Zealand tí ó máa ń wa ọkọ̀ wò, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, fẹ́ ohun tí ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ara Mini, ọkọ̀ kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti mú ọgbọ́n àtigbé ẹ́ńjìnì dábùú, wọ́n sì gbé ẹ́ńjìnì onísílíńdà 12 dábùú sí ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀. Ní oṣù kọkànlá 1965 wọ́n gbé ṣáṣíì náà lọ sí àfihàn ọkọ̀ ní Turin ní ìhòòhò, láìtíì wọ ara, àwọn tí ó rí i sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye rẹ̀. Ilé Bertone, tí ń ṣe ara ọkọ̀, ni ó dá aṣọ fún un, Marcello Gandini, ẹni ọdún 27, ni ó sì ya á. Nígbà tí ó jáde ní àfihàn ọkọ̀ Geneva ní oṣù kẹta 1966, gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 105 lọ, ó nà gbọọrọ mọ́lẹ̀ bí ẹkùn tí ó fẹ́ fò mọ́ ẹran, àwọn irin dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ sì yí iná iwájú rẹ̀ ká bí ìpéǹpéjú arẹwà. Orúkọ agbo màlúù Don Eduardo Miura ti ilẹ̀ Sípéènì ni wọ́n sọ ọ́: màlúù abìwo-bí-ọ̀kọ̀, ìran Islero tí ó gbẹ̀mí Manolete, akọni abá-màlúù-jà, lójú agbo ní 1947.

Ìkánjú ni a fi bí ọkọ̀ náà, àbùkù sì bá a wáyé. Inú àpótí kan ṣoṣo ni ẹ́ńjìnì àti jíà jọ wà, òróró kan náà ni wọ́n jọ ń mu, tí ó fi jẹ́ pé bí eyín jíà bá jẹ, ìkúnná irin rẹ̀ a gba inú òróró wọ ẹ́ńjìnì lọ. Iwájú ni táǹkì epo wà. Bí epo ṣe ń tán ni iwájú ń fúyẹ́, bí eré bá sì pọ̀ lápọ̀jù, afẹ́fẹ́ a fẹ́ gbé e sókè, sítíárìn a sì fúyẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ ní ìgbà tí ó nílò rẹ̀ jù lọ. Ti iná ni ó burú jù: kabúrétọ̀ Weber mẹ́rin tí ó wà lórí ẹ́ńjìnì a máa da pẹtiróòlù sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá dúró láìpa ẹ́ńjìnì, Miura tí ó sì tipa bẹ́ẹ̀ jóná kò kéré níye.

Lẹ́yìn P400 àkọ́kọ́, tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 350, ni S dé, lẹ́yìn náà ni SV ti 1971, tí ó dé 385. Àwọn SV tí ó jáde gbẹ̀yìn ni a ya òróró ẹ́ńjìnì àti ti jíà sọ́tọ̀ fún. SV yìí kan náà ni wọ́n gba ìpéǹpéjú lójú rẹ̀, n kò sì tíì dárí ìyẹn jì wọ́n. Nígbà tí iṣẹ́ dópin ní 1973, gbogbo Miura tí wọ́n ṣe lé díẹ̀ ní 750. Ferruccio ti ta ju ìdajì ilé-iṣẹ́ náà lọ nígbà náà, ó sì padà sí oko, ní Umbria, níbi tí ó ti ń fi èso àjàrà ṣe wáìnì tí ó pè ní Ẹ̀jẹ̀ Miura.

Lónìí, SV tí a tún ṣe dáadáa a máa gbà ju mílíọ̀nù 2 dọ́là lọ. Àwọn baba wa sọ pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i, ṣùgbọ́n àwọn olùrajà Miura kò fara mọ́ ọn rárá: ohun tí iná fi sílẹ̀ nínú egungun rẹ̀ ni wọ́n ń wá, nọ́mbà ṣáṣíì, nọ́mbà ẹ́ńjìnì, àti ti ara ọkọ̀. Bí atúnkọ̀ṣe bá ya òróró sọ́tọ̀ fún P400, ọkọ̀ yóò pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí a ti bí i mọ́. Bí ó bá kun ún títí ó fi ń dán ju ti ọjọ́ tí ó jáde lọ, olówó mìíràn yóò fẹ́ràn èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, nítorí bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ní tèmi, ohun tí í fa iná nìkan ni mo gbà kí wọ́n yí padà.

Ní 2015 ni ilé-iṣẹ́ Lamborghini dá ẹ̀ka Polo Storico sílẹ̀, èyí tí ń tọ́jú ìwé àtijọ́, tí ń tún ọkọ̀ ṣe, tí ó sì ń jẹ́rìí sí èyí tí í ṣe ojúlówó. Ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n gbé Miura aláwọ̀ ọsàn kan tí ìjókòó rẹ̀ funfun lọ, tí wọ́n ní òun ni ó sáré lórí òkè Gran San Bernardo ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù The Italian Job ti 1969. Nínú fíìmù náà, ọkọ̀ yẹn fọ́ yángá. Ṣùgbọ́n òkú ọkọ̀ mìíràn tí ìjàǹbá ti bà jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n jù sísàlẹ̀, wọ́n sì ta èyí tí ó pé gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ tuntun. Ní 2019, lẹ́yìn àyẹ̀wò ìwé àti irin, wọ́n jẹ́rìí sí i pé òun ni, ṣáṣíì 3586.